Àmì dúdú tótòtó ń jáde nínú gbogbo fọ́tò mi: ṣé mo lè fọ sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà (ojú inú rẹ̀ tó ń gba àwòrán) fúnra mi nílé?

ỌmọAlékúwodò · Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ sì kú ọyẹ́.

Mo ya ìgbéyàwó kan ní Òkè-Fíà lọ́jọ́ Sátidé. Nínú gbọ̀ngàn, kò sí ìṣòro. Ìgbà tí a jáde síta láti ya ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó pọ̀ lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Èrò pọ̀, mo fẹ́ kí ojú gbogbo wọn mọ́ kedere, mo bá ti ojú lẹ́ńsì dé f/16. Mo délé, mo kó o sórí kọ̀ǹpútà, mo rí àmì dúdú bíi mẹ́jọ lójú ọ̀run. Mo rò pé ẹyẹ ni. Mo ṣí fọ́tò kejì, ẹyẹ ò kúrò lójú kan. Mo ṣí ogójì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀! Ọ̀kan tiẹ̀ bọ́ sórí gèlè funfun ìyá ìyàwó. Mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí n tó ṣàkíyèsí, wọ́n sì ti dáhùn lórí WhatsApp: "Fọ́tógíráfà, eṣinṣin wo ló bà lé gèlè mi?"

Mo ti nu lẹ́ńsì níwájú, mo nu ún lẹ́yìn, pàbó ló já sí. Nikon D7200 ni kámẹ́rà mi, tòkúnbọ̀. Ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe tí mo lọ bá ní kí n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé Èkó lòun máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ mo tún ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Mo wá ń rò ó pé kí n ra sìpíríìtì, kí n fi òwú onígi tí a fi ń nu etí tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Àǹtí_ÌlúAró · 8:53 alẹ́

Má fọwọ́ kàn án o. Má da sìpíríìtì kankan sí i. Ẹ̀bà ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́, mò ń bọ̀.

JagunÒkèBáálẹ̀ · 9:05 alẹ́

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Òwú etí àti sìpíríìtì ni mo ti ń lò láti 2016, kámẹ́rà mi ṣì ń jẹ owó fún mi.

BàbáLẹ́ńsì · 9:34 alẹ́

Ọmọ Alékúwodò, fara balẹ̀ ná. Eruku ni. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti aginjù, láti apá Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, ló ń rù ú wá bá wa láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta, ó sì kúnná ju èlùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Bí o bá ti pààrọ̀ lẹ́ńsì níta lásìkò yìí, o ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn.

Ìdí tí o kò fi rí i nínú gbọ̀ngàn: màá bá ọ ta tẹ́tẹ́ pé f/2.8 tàbí bíi tiẹ̀ lo lò níbẹ̀. Eruku kì í bà lé sẹ́ńsọ̀ gan-an. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà tó bo sẹ́ńsọ̀ lójú, orí rẹ̀ ló ń bà sí. Tí ojú lẹ́ńsì bá là gbàgàdà, ìmọ́lẹ̀ ń ti ọ̀tún, ó ń ti òsì wọlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ eruku kọjá, òjìji eruku náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Tí o bá ti ojú lẹ́ńsì pa dé f/16 tàbí f/22, ibì kan tóóró ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òjìji á wá dúdú, á mú. Na ọwọ́ rẹ sí oòrùn ọ̀sán kí o wo òjìji rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí òjò bá ṣú, tún nà án, kí o wá a.

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí kí ẹnikẹ́ni tó fún ọ ní oògùn. Gbé ISO sí 100, ojú lẹ́ńsì sí f/22. Yọ fókọ́ọ̀sì kúrò lọ́wọ́ kámẹ́rà, fọwọ́ ara rẹ yí i títí ohun tí o ń yà á fi bàìbàì. Kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí o sì máa mi kámẹ́rà díẹ̀ bó ti ń yà á. Ìdọ̀tí ara ògiri á pòórá bó ṣe ń mì. Èyí tí kò bá pòórá, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé. Ojú ọ̀run ọyẹ́ tó rí bí omi ògì láàárọ̀ yìí dáa fún un ju ògiri lọ.

Lẹ́yìn náà, fi lẹ́ńsì mìíràn sí i, tún un yà. Tí àwọn àmì náà bá dúró síbi tí wọ́n wà, sẹ́ńsọ̀ ni. Eruku tí o bá rí nígbà tí o bá fojú lé ihò tí a fi ń wòran, èyíinì ò kan fọ́tò rárá. Ọ̀pọ̀ ló ti ba kámẹ́rà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lé e.

ỌmọAlékúwodò · 10:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ògiri yàrá ni mo lò. Mẹ́rìnlá ni! Mo rò pé mẹ́jọ ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́ńsì méjèèjì, ojú kan náà ni wọ́n wà. Àwọn tó pọ̀ jù wà lókè fọ́tò lápá ọ̀tún. Ṣé apá òkè sẹ́ńsọ̀ ni kí n ti máa wá wọn?

BàbáLẹ́ńsì · 10:18 alẹ́

Rárá, ìsàlẹ̀ ni. Lẹ́ńsì máa ń dorí àwòrán kodò kó tó dé orí sẹ́ńsọ̀. Jẹ́ kí kámẹ́rà dúró, kó kọjú sí ọ: ohun tó wà lókè fọ́tò lápá ọ̀tún, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ọwọ́ rẹ ni wàá ti bá eruku rẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń yí padà sí ọ lójú, ọ̀tún àti òsì wà ní àyè wọn.

Àǹtí_ÌlúAró · 10:26 alẹ́

Mo ti jẹun tán. Jagun, ẹ má bínú o, àwa méjèèjì la jọ ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn léwu. Sìpíríìtì olómi aró tí a ń rà ní ilé oògùn, ti ọgbẹ́ ni. Bó bá gbẹ, á fi àbàwọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tí omi iyọ̀ gbẹ sójú abọ́. Òwú etí ní tirẹ̀ ń tú fọ́nrán. Ẹ máa yọ eruku kan, ẹ máa fi irun mẹ́ta dípò rẹ̀. Bóyá àwọn lẹ́ńsì tí ẹ ń lò kì í kọjá f/4 lẹ ò fi tíì rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ya ojú ọ̀run kan fún wa ní f/22, ká jọ wò ó.

Ọmọ Alékúwodò, má fẹnu fẹ́ ẹ o. Itọ́ ló máa ń bá a lọ, itọ́ sì le yọ ju eruku lọ. Má lo afẹ́fẹ́ inú agolo tí wọ́n ń fi fọ kọ̀ǹpútà náà, torí bí agolo bá dagun báyìí, omi tútù inú rẹ̀ ló máa tú sí sẹ́ńsọ̀. Ohun tí àwọn obìnrin fi ń yọ ọ̀dà èékánná ńkọ́? Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ báyìí nínú àpótí ìkọ̀kọ̀. Rárá o! Ó ń jẹ ọ̀rá àti rọ́bà.

BàbáLẹ́ńsì · 10:41 alẹ́

Àǹtí ò mọ ohun tí ojú mi rí ní 2011. Mo mọ̀ ọ́n tán nígbà yẹn. Eruku mẹ́ta péré ló wà lójú sẹ́ńsọ̀ mi, mo gbé kámẹ́rà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá Ọlá-Ìyà, mo ní kó bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn jáde lóòótọ́. Omi àti òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ bá a jáde. Eruku mẹ́ta ni mo gbé lọ, ọbẹ̀ ni mo gbé bọ̀. Pátákó ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó bo sẹ́ńsọ̀, tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà ò tiẹ̀ gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní ojú mi ò dáa.

JagunÒkèBáálẹ̀ · 10:44 alẹ́

😂😂 "ó ní ojú mi ò dáa"

Aya_Àyégbajú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Nínú igbó Ọ̀ṣun ni mo ti máa ń ya àwọn àlejò tó bá wá wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ. Ọdún méjì gbáko ni eruku fi wà lójú sẹ́ńsọ̀ tèmi tí n ò mọ̀. Ewé bò ó, ère sìmẹ́ńtì bò ó, mo rò pé èéhù ara ère ni. Ọjọ́ tí àlejò kan ní kí n ya odò pẹ̀lú ojú ọ̀run ni àṣírí tú. Torí náà, Ọmọ Alékúwodò, má jẹ́ kí ó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ jù.

Àǹtí_ÌlúAró · 7:20 àárọ̀

Ó dáa, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, jẹ́ kí n sọ bí wàá ṣe ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, kámẹ́rà náà mọ bí a ti ń gbọn ara rẹ̀. Wọ inú mẹ́nù, nínú Setup, wàá rí "Clean image sensor". Gbé kámẹ́rà lélẹ̀ lórí tábìlì, kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì yẹn á gbọ̀n jìnnìjìnnì, eruku tí kò lẹ̀ á já bọ́. Olympus ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀ sínú E-1 ní 2003, lẹ́yìn náà làwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ṣe é ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, kí o tún un yẹ̀ wò. Kò ní yọ gbogbo rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó bá kù, blówà ni, rọ́bà tí a ń fọwọ́ fún tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ibi tí wàá ti ṣe é ṣe pàtàkì. Má ṣe é ní pálọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì wà, má ṣe é lábẹ́ fáànù. Balùwẹ̀ ni kí o lọ. Wọ́n omi sílẹ̀ àti sára ògiri, ti fèrèsé, dúró fún bí ìdajì wákàtí kí eruku inú atẹ́gùn lè rọlẹ̀, kí o tó wọlé. Má wọ aṣọ olówùú tó ń tú irun. Kí bátìrì kún dẹ́nu. Mo ní kó kún dẹ́nu! Torí nínú mẹ́nù kan náà, "Lock mirror up for cleaning" ni wàá tẹ̀ kí dígí tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ lè gbéra, kí ṣọ́tà sì ṣí. Bí bátìrì bá kú nígbà tí nǹkan rẹ wà nínú rẹ̀, dígí á já lulẹ̀ lé e lórí. Tí bátìrì bá ti rẹlẹ̀, Nikon fúnra rẹ̀ ò ní jẹ́ kí o wọ ibẹ̀.

Dojú kámẹ́rà délẹ̀, kí o máa fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ohun tó bá tú lè já bọ́ sílẹ̀. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, fún rọ́bà náà bí ìgbà mẹ́wàá síta ná. Ẹnu rọ́bà ò gbọdọ̀ wọ inú kámẹ́rà. Mo rí ẹni tó fi ẹnu rọ́bà há dígí lápá.

ỌmọAlékúwodò · 7:31 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. N ò ní blówà o. Mo ti wá a káàkiri dé Ọjà Ọba, kò sí.

ÌyáÌbejì_Abéèrè · 8:03 àárọ̀

Mi ò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, ọkọ mi ló ń wá síbí. Ṣé rọ́bà tí a fi ń fa ikun imú ọmọ tuntun kò ní ṣe é? Ó wà ní gbogbo ilé oògùn.

BàbáLẹ́ńsì · 8:15 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ́ máa bọ̀ níbí! Ó máa ṣe é. Tuntun ni kó rà o, kó má lo èyí tí ikun ti wọ̀. Ohun kan ṣoṣo: àwọn kan ń ní àtíkè nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kó fún un sórí aṣọ dúdú títí tí kò fi ní rí ohun funfun mọ́. Agbára rẹ̀ kò tó ti blówà gidi, kó fi sùúrù sí i.

ỌmọAlékúwodò · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ìròyìn dé. Rọ́bà ìkun-imú ni mo lò. Mo fún un sórí aṣọ dúdú ní bí ìgbà ogún, àtíkè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́! Balùwẹ̀, omi, gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Àbúrò mi ń kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ wẹ̀, mo ní kó lọ wẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Mẹ́rìnlá di mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé ayọ̀ mi kún? Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí ò mira. Ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn. Wọ́n rí roboto, àyíká wọn funfun díẹ̀.

BàbáLẹ́ńsì · 9:52 alẹ́

Dúró níbẹ̀. Àmì mẹ́ta kì í ṣe ẹjọ́. Má ya ohunkóhun kọjá f/8 lọ́jọ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn. Èyí tó bá hàn, yọ ọ́ nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe. "Visualize Spots" wà níbẹ̀ tó máa fi gbogbo wọn hàn ọ́ bí ìràwọ̀. Yọ ọ́ lára fọ́tò kan, kí o wá gbé iṣẹ́ yẹn kan àwọn tó kù, torí ojú kan náà ni wọ́n wà.

Àǹtí_ÌlúAró · 10:07 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Fún ti Sátidé, òtítọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó rí roboto, tí rọ́bà ò lè mì, ó jọ òróró ju eruku lọ. Òróró inú ṣọ́tà lè ta sí i. Ẹ rántí kámẹ́rà D600 tí Nikon gbé jáde ní 2012, tí ariwo àmì orí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ gba ayé kan, tí D610 fi tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Òróró kì í gbọ́ ti atẹ́gùn. Olómi nìkan ló mọ̀ ọ́n yọ, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, eruku á tún máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ní swab nílé, igi pẹlẹbẹ tí aṣọ bo lórí tí a fi ń nu sẹ́ńsọ̀, ti 16 mm, tó bá sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ mu. Gíga sẹ́ńsọ̀ D7200 kò pé 16 mm, torí náà ìfà kan ṣoṣo ló máa kárí rẹ̀. Àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wọn tóbi tó 36 × 24 mm, ti 24 mm ni wọ́n ń rà. Ọmọ Alékúwodò, wá gba méjì lọ́la pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀. Mọ̀ pé omi yẹn máa ń gbiná, má tan ṣìgá, má tan àbẹ́là nítòsí rẹ̀.

Tẹ̀mítọ́pẹ́_kọ́ · 10:15 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, Sony a7 III ni tèmi, kò ní dígí. Ṣé bákan náà ni?

Àǹtí_ÌlúAró · 10:22 alẹ́

Kò sí dígí láti gbé, ó sì tún wá gbé sẹ́ńsọ̀ sí ìta gbangba nígbàkígbà tí o bá yọ lẹ́ńsì. Blówà ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tìrẹ ń léfòó, òun fúnra rẹ̀ ló ń mira kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n sínú fọ́tò. Wọ ètò ìfọ̀ inú mẹ́nù rẹ̀ kí o tó ṣí i, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, rọ́bà nìkan ni kí o fi mọ.

ỌmọAlékúwodò · Ọjọ́ Ẹtì, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gba swab lọ́wọ́ Àǹtí lánàá, wọ́n tún fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Òwúrọ̀ yìí ni mo ṣe é. Bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyí, torí àwọn tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la: mo tún kọ́kọ́ fi rọ́bà fẹ́ ẹ, kí iyanrìn kankan má bàa wà níbẹ̀ tí màá fi ha gíláàsì. Ẹ̀kán omi méjì sí etí swab, mo dúró kó wọ inú aṣọ rẹ̀. Mo gbé e lé ìpẹ̀kun òsì, mo fà á lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgbé e sókè. Mo wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo fà á bọ̀. Mo jù ú nù.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mo gbàdúrà kí n tó wọ balùwẹ̀.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò: àmì mẹ́ta ti lọ, ṣùgbọ́n ìlà kan fà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àyà mi já. Mo pe Àǹtí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní omi ló pọ̀ jù, ẹ̀kán méjì tèmi ti di mẹ́rin. Swab kejì, omi díẹ̀ gan-an. Ìlà lọ. Ó ku ẹyọ kan báyìí, ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, tí n ò rí àfi ní f/22.

BàbáLẹ́ńsì · 5:08 ìrọ̀lẹ́

Fi ẹyọ yẹn sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.

JagunÒkèBáálẹ̀ · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ya ojú ọ̀run ní f/22 bí Àǹtí ṣe ní. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìràwọ̀ sánmọ̀ Òkè-Báálẹ̀. Àǹtí, èló ni swab?

Àǹtí_ÌlúAró · 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wọlé sínú àpótí ìkọ̀kọ̀, Jagun. Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, tèmi ti tán.

Aya_Àyégbajú · 6:01 ìrọ̀lẹ́

Ìyá ìyàwó ńkọ́? Wọ́n ti gba fọ́tò wọn?

ỌmọAlékúwodò · 7:15 alẹ́

Mo ti yọ gbogbo rẹ̀ nínú Lightroom, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn yọ èyí tó wà lórí àkàrà òyìnbó náà. Mo sún un mọ́ ojú, mo wò ó dáadáa.

Eṣinṣin gidi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn.